Ilà Ìdí Ọta

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Láti ìgbà tí bàbá àgbà mi ti kú ní Bẹ́yẹrunká ni mo ti ń wo àwọn tó ń gbẹ́ ère yìí. Ẹni tí òkú yìí bú nígbà ayé rẹ̀ ń sọ pé bàbá rere lọ. Ẹni tó lé jáde nílé ń nu ojú. Wọ́n ń pè é ní olóòótọ́, ọkùnrin tó fi ẹnu ara rẹ̀ dá ọmọ rẹ̀ lẹ́bi nítorí òótọ́. Ọmọ tó dá lẹ́bi yẹn ni bàbá mi. Èmi Àbẹ̀kẹ́ kò bá wọn gbẹ́ ère kankan. Ohun kan ni mo fẹ́ gbà padà lọ́wọ́ òkú náà, orúkọ bàbá mi ni.

Bàbá Ọlọ́ta ni ìlú ń pè é. Òjé ló ń yọ́, ọta ló ń dà fún àwọn ọdẹ. Kì í ṣe alágbẹ̀dẹ o, ẹ má jẹ́ kó gbọ́ nínú sàréè pé ẹnì kan pe òun bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun Kírìjì, ó wà ní ọ̀dọ́, àwọn ọmọ ogun ló ń dà á fún. Nígbà tí ogun parí, tí Òyìnbó fi Àjẹ́lẹ̀ jókòó lé wa lórí, àwọn ìbọn tó ti ojú ogun bọ̀ di ìbọn ọdẹ, òun náà sì ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó wà lẹ́bàá wa ń lu irin láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ojoojúmọ́ ló sì ń bá wọn jà. Ó ní ariwo wọn ń da òjé òun láàmú. Wọ́n bi í pé ṣé òjé ní etí ni. Ó dá wọn lóhùn pé, "Ó ní i, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìkan ló ń fi gbọ́."

Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní parọ́, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Inú ìkòkò irin lórí èédú ni òjé ti ń yọ́ títí yóò fi máa dán bí ojú omi. Ọjà'ba ni mo ti ń ta òrí, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti ń gba èyí tó ń jù sínú òjé kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè léfòó. Yóò fi igi rò ó, yóò gbọ́n ìdọ̀tí dànù, yóò wá dà á sínú amọ̀ sísun kan tó jẹ́ awẹ́ méjì, tó ń pàdé ara wọn bí obì gbànja. Inú amọ̀ náà ló ti gbẹ́ ihò tó rí bí ọta. Awẹ́ ni àwa nílé kàn ń pè é. Bí ọta bá tutù, á fi ìda oyin àti òrí pa á lára, á fi ṣóńṣó ìwo ìgalà wọn ẹ̀tù sínú ìkarahun idẹ ọta tí ọdẹ ti yìn, tó kó padà bọ̀ láti inú igbó, á sì tẹ ọta bọ ẹnu rẹ̀. Ọdẹ kan fẹ́ kí ó fi ẹ̀tù kún ẹ̀tù kí ìbọn òun lè le sí i. Bàbá àgbà mi gba ìkarahun náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u dà sílẹ̀, ó ní, "Lọ sọ fún ìyá rẹ kó bí òmíràn, èmi ò ní bá a pa èyí."

Nítorí pé ẹnu ìbọn kò dọ́gba, olúkúlùkù ọdẹ ló ní awẹ́ tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì wà lára ògiri àgbàlá wa, tí a fi okùn so kọ́. Ohun tó sọ bàbá àgbà mi di ẹni ńlá ni ohun tó gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ awẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ilà ni. Bí a ti ń kọlà fún ọmọ ló ń kọlà fún ọta. Ti ẹnì kan jẹ́ pélé, ti ẹlòmíràn jẹ́ àbàjà, ti bàbá mi jẹ́ ilà méjì tó dúró, tí ẹyọ kan dábùú wọn. Nítorí náà kò sí ọta tó jáde nílé wa tí ìdí rẹ̀ kò ní ilà olówó rẹ̀. Bí ọdẹ méjì bá yin ìbọn sí ẹran kan, tí wọ́n ń bá ara wọn fà á, wọn a yọ ọta lára ẹran náà, wọn a gbé e wá fún Bàbá Ọlọ́ta. Á nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á yí ìdí rẹ̀ sókè, á dárúkọ ẹni tó ni í, ìjà parí. Ọrùn ẹran sì di tiwa. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun kan náà ló ń wí: "Ènìyàn ló ń parọ́, ilà kì í parọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ àbùkù rẹ̀ fún yín wàyí, àwọn tó ń sunkún kò ní sọ ọ́. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi bá a gbé, mi ò gbọ́ kó sọ rí pé "mi ò mọ̀". Gbólóhùn yẹn kò sí lẹ́nu rẹ̀. Àlejò kan bi í ní ọ̀nà ilé ìbátan rẹ̀ ní Òkè Màpó. Bàbá àgbà mi kò mọ ìbátan ẹni yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ló na ọwọ́, ó ní kó gba ibí, kó yà sí ọ̀hún, kó bèèrè ilé tó ní igi òro lẹ́nu ọ̀nà. Ní ìrọ̀lẹ́, àlejò náà padà dé, eruku bò ó dé orúnkún, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé ojú á ti arúgbó náà. Ó wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó ní, "Ọ̀nà tí mo júwe kò ní àléébù, ẹsẹ̀ rẹ ni kò gbọ́ràn."

Ti oṣù ààwẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Bó ti ń lọ sí Jímọ́ ló ń bọ Ògún, ìyẹn kò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, nígbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ìkùukùu bo ojú ọ̀run lópin ààwẹ̀, àwọn aáfà ní àwọn kò tíì rí oṣù. Ẹnì kan fi ṣẹ̀fẹ̀ bi í pé ṣé Bàbá rí i. Ó ní òun rí i. Kò tán síbẹ̀, ó ní kí gbogbo agbo ilé tú ẹnu, kí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Àwa ń jẹun lọ́jọ́ kejì, gbogbo Bẹ́yẹrunká ń gbààwẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ń yọjú wò wá látẹ̀yìn ògiri. Aáfà wá bá a, ó fi sùúrù bi í pé, Bàbá, ibo gan-an lẹ ti rí oṣù náà? Ó nàka sókè, síbi tí igi odán ti dí ojú ọ̀run. Ó ní, "Ẹ máa wá tiyín, èyí tí mo rí, mo ti rí i." Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pè wá ní ọmọ ilé olóṣù ní Oríta-mẹ́rin. A rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn. Ojú mi ti là báyìí, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìkòkò omi kọjá nígbà tí òjé ń yọ́, èébú tó máa jẹ á dé ilé àna rẹ̀. Ó ní ìdí, nítorí bí omi bá kan òjé gbígbóná, ó máa fò sókè, ó sì máa jó ènìyàn dé egungun. Bí awẹ́ bá rin nígbà òjò, tí wọn kò yá a níná dáadáa kí wọ́n tó da òjé sí i, yóò sán. Ó máa ń fọ́nnu pé awẹ́ òun kò sán rí láti ìgbà ogun. Kò gbà kí obìnrin fọwọ́ kan àwọn awẹ́ náà, kò tilẹ̀ gbà kí a gbá ìsàlẹ̀ wọn. Ìyá mi gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan láti nu eruku ara wọn. Arúgbó náà gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀lẹ ni awẹ́ rẹ̀ máa ń sán, èmi kì í ṣe ọ̀lẹ, ìwọ má sọ mí di ọ̀kan."

Bàbá mi, Àdìó, kò jọ ọ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ọdẹ ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Àkànbí, ará Àrẹ̀mọ, ra ìbọn méjì tó jọra bí ìbejì lọ́wọ́ jagunjagun kan tó ti darúgbó. Ní àsìkò òjò kan, àwọn méjèèjì àti Ògúnwálé, ọdẹ ẹgbẹ́ wọn, wọ igbó níhà Mọlẹ́tẹ̀, tó jẹ́ pé igbó kìjikìji ni nígbà náà. Ìmàdò kan já láàárín koríko ní àárọ̀ kùtù tí ìrì ṣì pọ̀. Bàbá mi àti Àkànbí yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmàdò sá lọ. Ògúnwálé ló ṣubú.

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé fúnra wọn, wọn kò sá. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ yọ ọta kan láyà rẹ̀. Nígbà yẹn, ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ kò sí lọ́wọ́ àwọn ìjòyè mọ́, Àjẹ́lẹ̀ ló ń dá a. Ìyá mi wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́. Wọ́n bi bàbá mi pé ta ló yin ìbọn pa ọ̀rẹ́ wọn. Ó ní, "Mo yin ìbọn, Àkànbí náà yin ín. Mi ò mọ tẹni tó bà á." Wọ́n bi Àkànbí, ohun kan náà ló wí. Ẹjọ́ ì bá parí síbẹ̀. Wọ́n wá gbé ọta náà lé àwo funfun, wọ́n gbé e síwájú Bàbá Ọlọ́ta. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi mú un. Wọ́n ti fi aṣọ di ti òsì, epo ti rin ín, ìyá mi bi í láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kí ló dé, ó ní iná lásán ni. Ó yí ìdí ọta sókè. Ó ní, "Ilà ọmọ mi ni."

Ìyá mi ní bàbá mi kò pariwo. Ó kàn wo bàbá rẹ̀ lójú, ó bi í pé, "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Wọ́n mú bàbá mi lọ sẹ́wọ̀n ìjọba, ìgbẹ́ gbuuru pa á síbẹ̀, wọn kò gbé òkú rẹ̀ fún wa. Ìlú pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ wa. Bàbá Ọlọ́ta gba oríkì, wọ́n ní a kò rí irú rẹ̀ rí, ẹni tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí òótọ́. Ìyá mi gba ìyókù. Aya apànìyàn ni wọ́n ń pè é. Bó bá jókòó lórí ẹní níbi ìnáwó, àwọn obìnrin ilé Ògúnwálé á dìde. Ìyá mi tọ Bàbá Ọlọ́ta lọ lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun bá wọn sọ̀rọ̀, kó sọ fún wọn pé kì í ṣe pé Àdìó mọ̀ọ́mọ̀. Arúgbó náà ń fẹ́ iná, kò gbójú sókè. Ó ní, "Òótọ́ ni mo sọ. Ẹni tó bá korò lẹ́nu, kó fi oyin sí i."

Mo kórìíra rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mò ń kí i, mò ń gbé oúnjẹ fún un, mò ń fún un ní òrí, mo sì kórìíra rẹ̀. Kò jẹ ẹran ìgbẹ́ mọ́ lẹ́yìn ẹjọ́ náà. Bí wọ́n bá gbé ọrùn ẹran wá, á ní kí wọ́n gbé e fún àwọn aládùúgbò. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń rọ̀ mí nínú díẹ̀ nígbà míì. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bí ẹni tó ń da ọta bá kú, àwọn ọdẹ a máa wá gba awẹ́ wọn kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, nítorí wọn kì í fi ilà ọdẹ sílẹ̀ nílé òkú. Bàbá mi ni àkọ́bí, kò sí mọ́, èmi sì ni àkọ́bí rẹ̀. Ó di dandan kí obìnrin fọwọ́ kan awẹ́. Mo ń já wọn lára ògiri, olúkúlùkù ń wo ilà rẹ̀, ó ń gbà á. Ti bàbá mi nìkan ni mo rò pé yóò ṣẹ́ kù. Àkànbí kò wá. Kò wọ igbó mọ́ láti ìgbà ẹjọ́ náà, oko iṣu ló ń ro. Mo wá awẹ́ tirẹ̀ lára ògiri, mi ò rí i. Inú yàrá arúgbó náà ni mo ti rí i, ní òkè àjà, nínú aṣọ tí wọ́n wé mọ́ ọn léra.

Mo tú aṣọ náà. Pélé Àkànbí wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Awẹ́ náà sì sán láti ẹnu dé ìdí. Òjé ti ṣàn wọ ojú sísán náà, ó sì dì síbẹ̀, kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Mo jókòó sílẹ̀. Mo rántí ọwọ́ òsì tí wọ́n fi aṣọ dì.

Mo mú un, mo gba Àrẹ̀mọ lọ. Àkànbí wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń pọ́n àdá. Mo na awẹ́ náà sí i, kò gbà á. Ó wò ó, ó ní, "Ṣé ó ṣì wà?"

"Ìgbà wo ló sán, Bàbá?"

"Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tá a wọ igbó. Òjò ti rin ín. Ojú mi ló ṣe, òjé fò, ó ta sí i lọ́wọ́."

"Ọta wo wá lẹ gbé lọ?"

"Inú awẹ́ bàbá rẹ ló ti da tèmi, torí ìbọn wa dọ́gba. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé awẹ́ òun sán." Ó gbé àdá sílẹ̀. "Ilà Àdìó ló wà lápò àwa méjèèjì, Àbẹ̀kẹ́."

Ó ṣàlàyé ìyókù fún mi, ó ń wolẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ ẹjọ́, òun ń retí kí Bàbá Ọlọ́ta sọ ọ́. Ó ní ṣe ló wo òun lójú, ó gbójú kúrò, ó sì dárúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù wá ba òun, nítorí bí òun bá yanu, òun ni wọ́n máa dì lọ. Ó ní ta ló máa gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́ ju ti Bàbá Ọlọ́ta lọ? Mo bú u. Mo bú u débi pé ìyàwó rẹ̀ jáde wá. Mo wá sọ fún Àkànbí pé ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọdẹ á yin ìbọn fún òkú wa, kó wá dúró níbẹ̀, mi ò bẹ ohun tó ju ìyẹn lọ.

Gbogbo ọ̀nà Bẹ́yẹrunká ni mo fi ń rò ó. Bóyá bàbá mi ló yin ìbọn náà. Bóyá Àkànbí ni. Yàtọ̀ sí Àkànbí, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé yìí pé ọta yẹn kò lè sọ ọ́, ẹni náà ni wọ́n sì bi. Gbólóhùn kúkúrú kan ni ì bá sọ, bàbá mi ì bá wálé. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ìlú á gbọ́ pé awẹ́ rẹ̀ ń sán, pé ilà rẹ̀ lè parọ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ilà rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ó bá tirẹ̀, àmọ́ a ti bo erùpẹ̀ mọ́ ọn, kò jẹ́ kí n bi í léèrè.

Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn aáfà ṣe àdúrà tán, àwọn ọdẹ tò sí àgbàlá pẹ̀lú ìbọn. Opó Ògúnwálé wà lórí ẹní láàárín àwọn obìnrin, ó wá yẹ́ ẹni tó ṣe òdodo fún ọkọ rẹ̀ sí. Ìyá mi dúró lẹ́bàá ògiri, ibi tó máa ń dúró. Olúọdẹ gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n yin ín. Mo jáde síwájú wọn, mo kúnlẹ̀, mo gbé awẹ́ tó sán lé ọwọ́ Olúọdẹ, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ti gbọ́ ọ. Àwọn kan ní kí n dákẹ́, kí ló dé tí mò ń ba òkú àgbà jẹ́. Olúọdẹ fi èékánná ha òjé tó dì sójú sísán náà. Ó fi ojú wá Àkànbí láàárín èrò, ó bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Àkànbí ṣí fìlà rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Opó Ògúnwálé ti dìde dúró.

"Àbẹ̀kẹ́," ni Olúọdẹ wí, "ta ló wá pa Ògúnwálé?"

Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Ó rọrùn kí n nàka sí Àkànbí, ó wà níbẹ̀, kò sí fìlà lórí rẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Bàbá," ni mo wí. "Bàbá Àgbà náà kò mọ̀."

Olúọdẹ wo awẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri, ó yọ ẹ̀tù kúrò nínú ìbọn rẹ̀, ó sì gbé ìbọn kọ́ èjìká. Àwọn ìyókù ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò gbọ́ ìró ìbọn kankan ní Bẹ́yẹrunká lọ́jọ́ náà.

Opó Ògúnwálé padà jókòó. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì wo ìyá mi lẹ́bàá ògiri.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́," ni ó wí, "ẹ wá jókòó."